Èéfín Tí Ògúnlọ́lá Rí

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété tó wà ní Ọjọ́ta, ẹ̀yin ti Kétu, ti Ìkòsì, ti Mile 12, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sókè òkun ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì jáde nínú gúrúùpù wa: Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí ni Ògúnlọ́lá. Mo mọ̀ pé yóò ti máa ṣe ẹlòmíràn bíi pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ṣebí láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ: ó ta ọfà, ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gbé orí rẹ̀ lọ bá Aláàfin, ìlú dé. Ẹ ní kí ọmọ yín tí ẹ bí sí Ọjọ́ta níbí sọ ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ fún yín, ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì máa parí sí.

Èmi ò bá orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ ó rí i pé kí ọfà yẹn tó kúrò lójú ọrun, ìlú ti ń fìdí múlẹ̀. Ó ń fìdí múlẹ̀ nínú ahéré kan lábẹ́ igi àjàgbọn, níbi tí ọdẹ márùn-ún ti ń jẹ ẹ̀wà pọ̀. Ìdí ìkòkò ẹ̀wà yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó sí.

Ìdí tí mo fi mú un wá lásìkò yìí ò farasin. Ẹ̀yin náà rí ariwo tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù wa lóṣù tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti adúgbò wo ló kọ́kọ́ dé. Ẹnì kan ní Òkè-Elérin ni. Ẹnì kan dáhùn pé irọ́ ni, Ìjẹ̀rú ni. Ẹnì kẹta gbé ọ̀rọ̀ tó gùn bí òpópónà Ìkòròdú sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn mẹ́ta ti jáde nínú gúrúùpù. Mẹ́ta! Wọn ò sì tíì padà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó dáa. Ta ni Ògúnlọ́lá?

Ọdẹ ni. Ìran Ìbàrìbá ni ìtàn pè é, àwọn ará ilẹ̀ Borgu tí ààlà ti gé sí méjì lónìí, tí apá kan wà ní Nàìjíríà, tí apá kejì sì wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọfà ni wọ́n fi mọ àwọn Ìbàrìbá láyé ìgbà yẹn, Ògúnlọ́lá ò sì yà kúrò nínú tiwọn. Tafàtafà gidi ni. Nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni àwọn òpìtàn fi ìgbà rẹ̀ sí, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà níbi tí a ń pè ní Old Oyo National Park lónìí, tí ẹkùn àti ẹfọ̀n ṣì ń rìn káàkiri ibi tí ẹ ń kọ́lé sí nílé báyìí.

Òun nìkan kọ́ ló dé. Èsùú ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ obìnrin yìí, nítorí pé àwa tí a ń sọ ìtàn yìí máa ń tètè sáré kọjá lára rẹ̀ ká lè dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí. Àwọn méjèèjì pa ahéré wọn sí tòsí igi àjàgbọn kan. Agbègbè ààfin Ṣọ̀ún ni ibẹ̀ lónìí.

Ẹ fojú inú wò ó. Igbó ni gbogbo àyíká. Kò sí ìlú, kò sí ọjà, kò sí aládùúgbò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnlọ́lá gbójú sókè, ó rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán. Kì í ṣe èéfín tirẹ̀. Ó wo apá ibòmíràn, ó tún rí òmíràn.

Lójú wa lónìí, èéfín ò ju èéfín lọ. Ẹni tó ń gbé nítòsí ojú títì Ọjọ́ta, èéfín dánfó tó ń wọlé sí i nímú láàárọ̀ nìkan tó láti sọ ọ́ di ọdẹ. Ṣùgbọ́n láyé Ògúnlọ́lá, ẹni tó bá rí èéfín nínú igbó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kíákíá: ta ló dáná yẹn? Nítorí àwọn sùnmọ̀mí wà níta. Àwọn wọ̀nyí ló ń jí ènìyàn gbé, tí wọ́n ń tà á lẹ́rú. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn èéfín lè jẹ́ ọdẹ bíi tìẹ, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti so okùn sílẹ̀ dè ọ́. Ẹni tó gbọ́n, àbí ẹni tó rò pé òun gbọ́n, iná tirẹ̀ ló máa pa, tí á sì sá pamọ́.

Ohun tí Ògúnlọ́lá ṣe, bí ìtàn ṣe sọ ọ́, ni pé ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyàwó rẹ̀. Èsùú sì gbà pé kó lọ. Ẹ̀yin ọkọ, mo ń sọ̀rọ̀ o. Akọni tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ gba àṣẹ nílé kó tó lọ wo èéfín.

Ó gbé ọrun, ó gbé apó, ó lọ.

Ọdẹ ló bá níbẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó bá Aálè, ọdẹ apẹrin, ẹni tí ìtàn ní òun ló tẹ Òkè-Elérin dó, orúkọ adúgbò yẹn gan-an sì ń wí i. Ó bá Ohùnsílé, tí wọ́n so mọ́ Ìjẹ̀rú. Ó bá Òrìṣàtólú, tí wọ́n so mọ́ Ìsàpà. Ó bá Akándìe, ẹni tí adúgbò rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ọkùnrin mẹ́rin tí oníkálukú wọn ti ń dá jẹun, tó ń dá sùn, tó ń dá ṣọ́ ara rẹ̀ lóru.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ jà lórí gúrúùpù sọ̀rọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan nílé ló ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn nípa ẹni tó kọ́kọ́ dé, olóògbé N. D. Oyèrìndé náà sì kọ ohun tó gbọ́ sínú Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tó jáde ní 1934. Ẹ kà á tí ẹ bá rí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyẹn ò tó ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nínú gúrúùpù. Gbogbo wọn ló ti dáná kí wọ́n tó pàdé. Iná márùn-ún tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú igbó, ahéré márùn-ún ni, kì í ṣe ìlú. Ohun tó yí i padà ni pé ẹnì kan dìde, ó rìn lọ bá èkejì.

Ògúnlọ́lá ò fi mọ sí kíkí. Òun ló dábàá pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n pè ní Àlóńgo. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ò pọ̀: kí wọ́n jọ máa dènà àwọn sùnmọ̀mí, kí wọ́n jọ máa dẹ ìgbẹ́, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀, kò sí àǹkárá ẹgbẹ́. (Akápò wa, ẹ má bínú.)

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú ńlá lè máa rò pé kí ọdẹ márùn-ún jọ máa rìn kò le. Ó le o. Ọdẹ tó ń dẹ̀gbẹ́ nìkan, ara rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá ṣìnà, òun ló ṣi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jọ yí ẹran ká, ọfà rẹ lè bá ọ̀rẹ́ rẹ. Tí ó bá di òru, òjìji tó mira lẹ́yìn igi lè jẹ́ ẹtu, ó sì lè jẹ́ Akándìe. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ tó ń rìn pọ̀ fi máa ń ní àmì láàárín ara wọn, súfèé kan báyìí tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ìwọ á fé e, èmi á dá ọ lóhùn, a ó mọ̀ pé ènìyàn ni. Tí mo bá fé e tí o ò dáhùn, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn nìyẹn.

Wọ́n sì ní láti kọ́ ara wọn níṣẹ́. Ẹni tó mọ erin pa ò fi dandan mọ bí wọ́n ṣe ń ta ọfà bí Ìbàrìbá, ẹni tó mọ ọfà ta ò sì fi dandan mọ ìgbà tí erin máa ń yí padà sí ọdẹ. Iṣẹ́ ọdẹ ò sí nínú ìwé. Ẹ̀yìn ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, bóyá ìgbẹ́ ẹran yìí ti òní ni tàbí ti àná, ewé wo ni kí o fọwọ́ pa, ewé wo ni kí o má débẹ̀: ọdún mélòó ni kò ní gbà kó tó mọ́ni lára? Ọ̀gá ọdẹ tó bá mú ọ rìn ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, torí pé ìwọ lò ń tẹ̀lé e, ọfà sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Níbi tí nǹkan ti le tó báyìí, ẹ lè máa rò pé wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ha! Kò sí ẹni tó ń dápàárá tó ọdẹ. Tí ẹ bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń sun ìjálá, ẹ ó mọ̀. Ẹnì kan á dá ìjálá, á máa ki ìran kan, á wá ṣì í sọ. Àwọn ọdẹ tó jókòó ò ní dákẹ́. Ọ̀kan á dá a dúró níbẹ̀, á ní kó lọ kọ́ ọ wá. Onítọ̀hún náà ò ní gbà, á ní lẹ́nu ọ̀gá òun lòun ti gbọ́ ọ, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù jáde wá sun tiẹ̀. Wọ́n á bú ìran ara wọn, wọ́n á fi ẹran tí oníkálukú ti ta láta-ò-bá ṣe ẹ̀sín. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé ìjà fẹ́ bẹ́. Ọtí ni wọ́n ó jọ mu lẹ́yìn náà.

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń rìn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ yìí pa òkété méjì, ó kó wọn sínú àpò, oorun wá gbé e lọ nídìí igi. Bàbá àgbà mi yọ òkété, ó fi ewé wé òkúta méjì, ó kó o sínú àpò náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jí, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, ó ní kí ìyàwó gbé omi kaná. Omi hó. Ó da àpò sílẹ̀, òkúta méjì ló yí gbirigbiri lọ síwájú àwọn ọmọ. Kò sọ̀rọ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó dákẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Lọ́jọ́ kan, ó rán ọmọ sí ìyá mi àgbà pé ọkọ rẹ̀ ti pa ẹfọ̀n lójú ọ̀nà odò, pé kó kó àwọn obìnrin ilé wá rù ú, kí ilẹ̀ tó ṣú. Obìnrin mẹ́sàn-án ló gbé igbá, wọ́n ń kọrin lọ. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá bàbá àgbà mi tó jókòó jẹ́ẹ́ sídìí iná, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ń sun lórí igi. Wọ́n ní ìyá mi àgbà fi igbá dé e lórí.

Àwọn òkété ìjọ́sí ńkọ́? Kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ náà tí bàbá àgbà mi ti gbé wọn lọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ti jẹ ẹ́ tán kí omi ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó hó.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Orí ẹrù àti orí oúnjẹ ni wọ́n ti ń dápàárá. Wọn ò fi súfèé ṣeré. Wọn ò ké bí ẹran lóru láti dẹ́rù ba ara wọn, torí ọfà ò mọ àwàdà. Ẹni tó bá fi àmì àárín wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò ní bá a rìn mọ́. Ọ̀rẹ́ tó fi òkúta gbé rìn yìí náà sì ni bàbá àgbà mi fa bàbá mi lé lọ́wọ́ láti kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ. Kò kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun á rọ̀ jù. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà kú, tí wọ́n ń ṣe ìṣípà ọdẹ fún un, tí wọ́n kó àwọn nǹkan ọdẹ rẹ̀ lọ sí oríta, tí àwọn yòókù ń sun ìrèmọ̀jé, bàbá mi sọ fún mi pé bàbá òun ò lè sun ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Òkúta méjì tí ó wé sínú ewé ló gbé sílẹ̀ mọ́ ẹrù náà, ó sì yípadà lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àjàgbọn.

Tí àwọn ọdẹ márùn-ún bá dẹ ìgbẹ́ tán, ahéré Ògúnlọ́lá ni wọ́n ń bọ̀. Èsùú á gbé ẹ̀wà kalẹ̀ fún wọn, á gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi ọkà pọn tì í. Ẹ má béèrè ẹmu. Èsùú yìí náà ni ìtàn sọ pé ó mú Òrìṣà Pópó wọ ìlú, òrìṣà aláṣọ funfun, ẹmu sì jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á mu, wọ́n á sọ ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà, wọ́n á pète ti ọ̀la. Ẹni tó ní ẹjọ́ á ro ó níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn mìíràn tó ń dé bá wọn nínú igbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀ràn wọn wá síbẹ̀. Bí ahéré ṣe di kóòtù nìyẹn, tí ẹni tó ni ahéré sì di alága.

Kò sí ẹni tó dìbò. Ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ògúnlọ́lá, tí kò jẹ́ Aálè tó ń pa erin? Èrò tèmi nìyí: ilé ẹni tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ọwọ́ Èsùú wà nínú oyè Ṣọ̀ún ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wàhálà dé. Ẹ̀sùn kan kan Ògúnlọ́lá, wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n fi í sí àhámọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Aláàfin Ajàgbó ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Aláàfin yìí kan náà tí wọ́n ní ó dá oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sílẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ alága nídìí àjàgbọn wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ní ìlú onílùú. Kò sí Aálè níbẹ̀, kò sí Akándìe. Kò sí ẹni tó máa fé súfèé tí òun á dáhùn.

Àsìkò náà ni Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Jagunjagun ni, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ba gbogbo ìlú débi pé ẹnikẹ́ni ò lè jáde kọjá odi mọ́. Ẹni tí kò lè jáde ò lè lọ sóko, ẹni tí kò lọ sóko ò ní rí jẹ. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n nínú odi ara wọn. Ògúnlọ́lá gbọ́ èyí níbi tó wà. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ gbìyànjú. Ẹ rò ó wò: gbogbo akọgun Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n kan ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ. Bóyá àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú u sílẹ̀. Ó lọ bí ọdẹ, kò lọ bí ológun. Ó ta Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ́fà, ó bẹ́ orí rẹ̀, ó gbé e wá fún Aláàfin. Ibi tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibùdó rẹ̀, ahọ́n ènìyàn sì gé e kúrú títí ó fi di Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn orí yẹn ló máa ń mú mi dúró. Inú Aláàfin dùn, ó fẹ́ kí Ògúnlọ́lá dúró ní Ọ̀yọ́. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà náà? Ọ̀yọ́-Ilé ni olú ìlú gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹṣin wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, oyè wà níbẹ̀. Ó dà bí kí wọ́n fún ẹnì kan nínú wa nílé ní Ìkòyí, kí wọ́n fi mọ́tò àti awakọ̀ tì í, kí wọ́n ní kó má padà sí Ọjọ́ta mọ́. Mélòó nínú wa ló máa béèrè pé ìpàdé ẹgbẹ́ ńkọ́?

Ògúnlọ́lá ní rárá. Ó tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà máa ṣe ti ọ̀hún, ibi tí òun ti wá. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n sọ pé orúkọ oyè náà ti jáde, Ṣọ̀ún. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kí Ṣọ̀ún ní kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi Ọ̀yọ́ lọ̀ tí kò gbà lẹ ń pè. Kí ló wà lọ́hùn-ún tí ó fẹ́ lọ ṣe? Ahéré ni. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ̀wà ni, àti ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n mọ súfèé rẹ̀.

Ó padà. Aláàfin ti mọ̀ ọ́n, òkìkí rẹ̀ ti kàn, ṣùgbọ́n kò lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà, wọn ò sì di ẹrú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn ọdẹ yòókù fi wà nínú ìtàn, tí a sì ń rí adúgbò wọn títí dòní. Ọ̀pọ̀ ìlú ló wà tó jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ìtàn wọn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ Ṣọ̀ún tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ayé ogun ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́-Ilé gan-an fọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ò fọ́. Ṣọ̀ún Tóyèjẹ, tó tún jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wà lára àwọn tó jókòó ti ìlú nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìlú tí ogun tú sì sá wọ inú rẹ̀. Wọ́n fún wọn nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọmọ àwọn tó sá dé ni yín, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ìdí àjàgbọn náà ò tán nínú wa. Ẹ ṣáà mọ olóògbé S. L. Akíntọ́lá, Kakaǹfò tiwa tí wọ́n bí ní 1910 tó sì kú ní 1966. Ẹ bá a nínú òṣèlú tàbí ẹ ò bá a, ẹ ò lè sọ pé ẹnu rẹ̀ ò dùn. Ọ̀tá rẹ̀ gan-an máa ń rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ó yẹ kóun bínú.

Ìrìn èéfín yẹn náà ò tán. Àwọn òbí wa tó lọ ṣòwò sí òkè Ọya àti sí Gáná, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá tí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ ni ilé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Tamale, ní apá àríwá Gáná, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n di igi lẹ́yìn ọgbà fún ara wọn lọ́jà, títí ìjọba Busia fi ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ ní 1969. Ẹni tó dé Èkó lọ́dún náà láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ta ló gbà á sílé? Ẹ bi àwọn àgbà inú gúrúùpù wa. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń fi orúkọ adúgbò ìlé wa béèrè ọ̀nà.

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ jáde nínú gúrúùpù, àwọn ọ̀rẹ́ yín máa fi èyí ránṣẹ́ sí yín, mo mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ ní Ọjọ́ta yìí, mo mọ ẹni méjì nínú yín tí ilé wọn ò ju ibùdókọ̀ méjì síra wọn, tí wọn ò sì tíì rí ara wọn sójú láti ọdún tó kọjá. Fóònù ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Akọ̀wé ní kí n fi èyí kún un: ẹ̀yin ọmọ Ìsàpà àti ọmọ Akándìe, a fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí nílé tiyín. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà yín sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i kí oṣù tó parí. Tí tiyín bá yàtọ̀ sí tèmi, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ wá dá mi dúró bí àwọn oníjàálá. Ìpàdé wa ti oṣù tó ń bọ̀ ṣì wà ní ọjọ́ Àìkú kejì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ní ẹ̀wà làwọn ó sè. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ò sí, mínírà ló wà. Kí ẹni tó ń bọ̀ tètè jáde nílé, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.